Bí Mo Ṣe Di Olùtọ́jú Ojúbọ Méje

Òórùn ọ̀dà pupa ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ọ̀dà níbikíbi, ì báà jẹ́ lára ilẹ̀kùn tuntun tàbí lára mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ara mi á kọ́kọ́ yá, mà á gbé àyà síwájú, lẹ́yìn náà ni ojú á wá tì mí díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o. Èmi kì í ṣe ẹni tí ojú ń tì púpọ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ìlú wa kò jìnnà sí Ìdó-Ilé. Òkè ló yí wa ká, àdúgbò tiwa ló sì wà lórí gegele jù. Odò wà nísàlẹ̀, ilé wà lókè. Ìyà tí àwọn obìnrin wa ń jẹ nìyẹn láti ayé àwọn ìyá wọn. Ìyàwó mi ti ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà nígbà òjò ọdún tó ṣáájú, tòun ti kẹ́ẹ̀gì omi lórí, láti ìgbà náà ni orúnkún rẹ̀ kan ti máa ń sọ̀rọ̀ bó bá ń rìn. Nígbà tó gbọ́ pé ẹnu ẹ̀rọ méjì máa wà ní àdúgbò wa, ó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó gbé àgbá tuntun kan síbẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà wọ̀ ọ́. Ó ń dúró de omi bí ẹni ń dúró de àlejò pàtàkì.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan kọ́kọ́ wá láti Adó. Iṣẹ́ tiwọn ni láti rin ọ̀nà tí páìpù máa gbà, kí wọ́n wo ibi tí sàréè wà, ibi tí ojúbọ wà, àti ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti gbé rí, kí katakata má baà lọ hú egungun bàbá ẹni síta. Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí èèyàn sọ tí kò ní kọ sínú ìwé. Ó ní kí olórí àdúgbò fún òun ní ẹnì kan tó mọ inú igbó. Ọdẹ àgbà kan ni gbogbo èèyàn ń wò. Kí ọdẹ tó dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo ti dé iwájú ọ̀gá.

Mo ní, "Kò sí òkúta tó wà nínú igbó yìí tí n kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀."

Pírámárì kẹrin ni mo kà mọ, mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí pé èmi àti tíṣà kò gbọ́ ara wa yé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, nínú gbogbo àwọn tó kàwé yanjú ní ìlú wa, ta ni wọ́n fún ní bàtà rọ́bà, akoto líle aláwọ̀ ìyeyè, àti ẹ̀wù tó ń tàn yanran bí oòrùn bá kàn án? Èmi náà ni. Mo wọ ẹ̀wù náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn akọrin wò mí títí wọ́n fi gbàgbé ẹsẹ kẹta orin.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a rìn, n kò purọ́. Ọ̀gá á bi mí pé kí ló wà níbí, mà á ní igbó ni. Kí ló wà lọ́hùn-ún? Mà á ní oko kòkó mi ni. A rìn títí oòrùn fi kan àtàrí, ìwé ọ̀gá ṣófo. Ibẹ̀ ni awakọ̀ wọn ti bà mí lọ́kàn jẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti pẹ́ ní Arámọkọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó fara ti mọ́tò, ó ń fi igi ta eyín, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ní Ẹ̀fọ̀n, ojúbọ mẹ́rin la rí kí oòrùn tó mú. Ní Ìjerò, a ò kà á tán. Ẹ̀yin ò ní nǹkan kan? Àbí àná lẹ tẹ ìlú yín dó?"

Àná kẹ̀! Inú mi ru bí ọbẹ̀ tó fẹ́ dà sí iná.  Mo lọ jókòó sábẹ́ igi obì kan, lórí ilẹ̀ kan tó le gbagidi, mo jẹ iṣu sísun tí ìyàwó mi dì fún mi, mo sì ń ro bí mo ṣe máa gba ìlú mi lẹ́nu ọmọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibi tí mo jókòó sí.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo nu ọwọ́, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rù ló bà mí tí n kò fi sọ ọ́ láàárọ̀." Mo mú wọn lọ sídìí pèrègún mẹ́ta kan tó tò létí oko wa. Ẹ̀yin náà mọ pèrègún: ibi tí a bá ti rí i, bí kò bá jẹ́ ààlà ilẹ̀, ojúbọ ni. Èyí tó wù mí nínú méjèèjì ni mo mú. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní jagunjagun kan tó gba ìlú yìí lọ́wọ́ ọ̀tá ló wọlẹ̀ síbẹ̀, tó ní kí wọ́n máa pe òun bí ogun bá dé. Ọ̀gá kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ṣí agolo ọ̀dà, ó fi pupa kọ nọ́ńbà kìíní sára òkúta tó wà nítòsí. Áà, òórùn yẹn! Ó gun orí mi bí ẹmu.

Láti ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ṣí, kò sì pa dé mọ́. Òkúta tó ní ihò wẹ́wẹ́ lójú, mo ní àga ọba àkọ́kọ́ ni. Òkìtì òkúta tó wà láàrin oko, mo ní ìyàwó ọba mẹ́ta ló sùn síbẹ̀. Ihò kan tó wà lẹ́bàá ọ̀gán, mo ní ibẹ̀ ni àwọn àgbà gbà wọ inú ilẹ̀ lọ nígbà ogun, tí wọ́n fi lọ yọ ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìkòkò tó fọ́, kùkùté ìrókò, kò sí èyí tí n kò rí ìtàn fún. Nígbà tí èkeje máa kàn, mo ti ju ara mi lọ. Ibi kan tó rì wọnú ni, ewéko ti bò ó, ó wà lẹ́yìn ilé wa àtijọ́. Mo ní kí gbogbo wọn dúró lókèèrè.

Mo ní, "Ibí yìí, ẹnikẹ́ni kì í bá ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọlé, yóò sì lóṣòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi parí."

Ọ̀gá ṣí fìlà. Awakọ̀ pàápàá ju igi tó fi ń ta eyín nù.

Ọ̀gá wá bi mí pé ta ni olùtọ́jú àwọn ibi wọ̀nyí, tí òun máa kọ orúkọ rẹ̀. Ta ni kí n pè? Mo fọwọ́ lu àyà, mo ní èmi náà ni, pé láti ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ti kàn mí. Ó ní kí n fọwọ́ síwèé. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà-gàdàgbà, lẹ́ẹ̀meje.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n pe ìpàdé sínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n rí sétí ìlú, torí pé ìwé náà ń lọ sí Adó lọ́jọ́ kejì. Mo wọ ẹ̀wù mi tó ń tàn, mo jókòó síwájú. Pásítọ̀ wa wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, nítorí èmi ni olórí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi wà láàrin àwọn obìnrin lẹ́yìn, òun àti àbúrò bàbá mi, ìyá arúgbó tó tọ́ mi dàgbà.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ojúbọ kìíní, ti jagunjagun. Olùtọ́jú rẹ̀..." Ó pe orúkọ mi. Mo dìde, mo tẹríba fún ìlú. "Ojúbọ kejì. Olùtọ́jú rẹ̀..." Orúkọ mi náà ni. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, Pásítọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó sún àga rẹ̀ díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó rọra ní, "Arákùnrin, ojúbọ mélòó lẹ ní?"

Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á tán ná."

Ìgbà tí wọ́n kà á tán ni ọ̀gá gbé àwòrán ilẹ̀ kọ́ sára pátákó. Àmì pupa méje yí àdúgbò wa ká bí ọgbà tí wọ́n fi sé ewúrẹ́ mọ́. Páìpù ń bọ̀ láti ọ̀nà Arámọkọ tààrà, ó dé ìdí òkè wa, ó rí àmì pupa, ó yà, ó gba ìsàlẹ̀ lọ sí àdúgbò kejì tó jẹ́ pé etí odò ló kúkú wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹnu ẹ̀rọ kankan lókè. Ọ̀gá ní òfin ni, pé wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ojúbọ tàbí ìtòsí rẹ̀. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

 N kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ojú ìyàwó mi wà lẹ́yìn ọrùn mi, bí èèyàn ṣe ń mọ ibi tí iná wà láìwò ó. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá wọn, àgbá mi ńkọ́?"

N kò tíì lanu tí ìyá arúgbó fi dìde, ó fi ọ̀pá gúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, pèrègún tí bàbá rẹ gbìn lọ́dún tí òun àti ará ẹ̀gbẹ́ oko ń jà sí ààlà, jagunjagun wo ló wọlẹ̀ síbẹ̀? Èmi ni mo ń bu omi sí i! Òkúta olójú ihò yẹn, èmi àti ìyá rẹ la jọ ń pa ẹkùrọ́ lórí rẹ̀. Ọba wo ló ní ká dìde? Òkúta tí a ṣà kúrò nínú ebè uṣu lo pè ní ìyàwó ọba. Ihò òkété ni bàbá rẹ gbẹ́ lẹ́bàá ọ̀gán, òkété náà kò sì yọ ní Òkè-Ìmẹ̀sí o, a jẹ ẹ́ ni. Èkeje yẹn tó wà lẹ́yìn ulé..."

Mo fò dìde. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ fi èkeje sílẹ̀..."

"Ṣáláńgá wa ni!"

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, mo rò pé páànù ilé-ìwé máa ṣí. Awakọ̀ tó ń yọjú lójú fèrèsé di irin fèrèsé mú kó má baà ṣubú. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, mo rò pé fìlà tó ṣí ló ń rò. Ó ní òun ti kọ ọ́, olùtọ́jú ti fọwọ́ sí i, ẹnu ìyá nìkan kò sì tó láti pa á rẹ́. Bí irọ́ bá ni, kí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sọ ohun tó jẹ́ lójú ẹlẹ́rìí, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ nu ọ̀dà kúrò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé ń lọ sí Adó bó ṣe wà.

Mo lè sọ pé ìyá ti darúgbó, pé nǹkan ti ń rú u lójú. Ó wà lẹ́nu mi. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa. Mo wá rántí pé kì í ṣe àwọn tó pa òwe yẹn ló ń pọn omi gun òkè wa. Mo bọ́ ẹ̀wù tó ń tàn, mo ká a, mo gbé e lé àga.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Gbogbo ìlú ló tẹ̀ lé mi. Ìyàwó mi gbé kẹrosíìnì àti àkísà. Nídìí pèrègún, mo ní, "Ààlà ni." Mo kúnlẹ̀, mo nu ọ̀dà. Nídìí òkúta, mo ní, "Ẹkùrọ́ la ń pa níbẹ̀." Ohunkóhun tí mo bá sọ, awakọ̀ á ké lẹ́yìn mi pé, "Ẹ̀gbọ́n ti wí!" àwọn ọmọdé á sì gbà á bí ẹni gbe orin. Nígbà tí a dé èkeje, wọn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rárá, gbogbo ìlú ló bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ ohùn Pásítọ̀ níbẹ̀.

Bí a ṣe ń padà, ó ti rẹ̀ mí, mo tún lọ jókòó sábẹ́ igi obì mi. Ìyá arúgbó ló pariwo.

"Dìde níbẹ̀! Gbogbo ibi tí kò ní nǹkan lo mọ̀, èyí tó ní lo gbé ìdí lé! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá wa kì í gbá ibẹ̀ láìkọ́kọ́ kí i."

Ó fi ọ̀pá ha ewé àti iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Àpáàdì ló wà nísàlẹ̀, àpáàdì wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò ní ìnàró, ìlà lẹ́yìn ìlà, ó ṣù mọ́ra bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù. Ọ̀gá kúnlẹ̀ síbẹ̀ tòun ti sòkòtò funfun. Ó fọwọ́ gbá a títí. Nígbà tó yá ó ní àwọn tó tẹ́ ilẹ̀ yìí ti wà níbí kí ẹnikẹ́ni tí a lè dárúkọ tó wà. Mo yíjú sí awakọ̀, mo ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́, àná ni, àbí?"

Ìyá arúgbó ní, "Ìwọ dákẹ́. Èpo uṣu rẹ ló wà níbẹ̀ un."

Ilẹ̀ alápàáàdì yẹn nìkan ló kù sórí àwòrán. Páìpù gun òkè wa, ó yà díẹ̀ fún igi obì, ó sì gba àárín oko kòkó mi kọjá. Igi mẹ́sàn-án ló bá a lọ. Mo fọwọ́ sí i, lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré.

Lónìí, ọ̀kan nínú ẹnu ẹ̀rọ méjèèjì wà nídìí pèrègún. Omi kì í yọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá yọ, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Àdúgbò ló yàn mí, wọ́n ní ẹni tó tọ́jú ojúbọ méje, ẹnu ẹ̀rọ kan kò lè sú u. "Mò ń lọ sí ojúbọ" ni àwọn obìnrin ń wí bí wọ́n bá gbé korobá. Àwọn ará ilé Pásítọ̀ náà ń sọ ọ́. Orúnkún ìyàwó mi ṣì máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ títẹ́jú ló ti ń sọ ọ́ báyìí, àgbá rẹ̀ sì ti dojú sókè.

Ìyá arúgbó ti sùn. Kó tó lọ, ó kọ́ mi bí a ṣe ń kí ilẹ̀ alápàáàdì yẹn, mo sì ń kí i bí mo bá ń kọjá lọ sí oko. Àwọn àlejò máa ń wá wò ó nígbà mìíràn, èmi ni mo ń mú wọn débẹ̀, ta tún ni? Wọ́n á bi mí pé ta ló tò ó, pé nígbà wo. Ìtàn mẹ́rin tó dùn ni mo ní fún un, gbogbo wọn ló ti pọ́n dáadáa. Mà á gbé wọn mì, mà á wo ilẹ̀, mà á ní, "N kò mọ̀."

Ó máa ń dùn mí o.