Ojú Ọ̀tún Wásílà

Iṣẹ́ ẹkún ni Wásílà ń ṣe ní abúlé wọn létí odò Náílì, lápá ìlú Kénà. Ẹni yòówù tó bá kú, òun ni wọn yóò ránṣẹ́ pè. Yóò ki òkú títí dórí baba ńlá rẹ̀, omijé yóò máa dà, ọlọ́kàn líle pàápàá yóò bú sẹ́kún.

Lọ́dún tó pé ẹni àádọ́ta ni àìsàn kọlu ojú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú náà sì wọ́ sílẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ẹnu rẹ̀ tó tọ́ padà, ṣùgbọ́n ẹyinjú ọ̀tún kò jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Bó bá ti ń jẹun, ojú ọ̀tún a bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Bó bá dé ilé òkú, tòsì nìkan ní í sunkún. Tọ̀tún a gbẹ táútáú, a ranjú kalẹ̀.

Dókítà Wagíì yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ìyá, òkú kankan ò bá yín jà. Okùn iṣan tín-ín-rín tó ń ti inú orí wá sójú yín ló já. Ó tún hù. Bó ṣe ń hù, ṣe ló ń wá ọ̀nà kiri. Ẹran ara máa ń sun oje kan tó fi ń pè é. Èyí tó yẹ kó lọ síbi itọ́ ló jẹ́ ìpè ojú, ìyẹn ni oúnjẹ ṣe ń pa ojú yín lẹ́kún.”

“Ṣé kò lè padà ni?”

“Ó ti délé, Ìyá.”

Ẹ̀rù bà á. Ohun tí kò lẹ́nu ń pe ohun tí kò létí nínú orí rẹ̀, òun tó ni orí kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Bahíyà, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ló rẹ́rìn-ín sí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ mi há ẹ̀rẹ̀kẹ́ jàre! Ojú tí ò gbọ́ ti òkú, á gbọ́ ti ọ̀fun.”

Inú ìgò oníyọ̀ ni Bahíyà máa ń rẹ ọsàn náà sí. Ọdún mẹ́ta ni Wásílà fi ọsàn náà tan abúlé jẹ.

Àfi bí Bahíyà ṣe ṣubú lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó kú. Wásílà búra pé òun ò ní fi ọsàn sunkún ọmọ ìyá òun. Ó jókòó ti òkú, ojú òsì ń ṣàn, tọ̀tún ń wò.

“Ojú kan ló fi ń sunkún,” obìnrin kan sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Kí ni èkejì ń wò?”

Làwọn obìnrin bá rọra sún kúrò lápá ọ̀tún rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, nígbà tí àlejò ti tán nílé, ó ṣí ìgò náà. Ọsàn kan ṣoṣo ló kù. Ó jù ú sẹ́nu, ojú ọ̀tún sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi.

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́?” ló bi ojú náà.

Ó ń rún ọsàn náà díẹ̀díẹ̀, kò fẹ́ gbé e mì. Bó bá ti tán lẹ́nu rẹ̀, ojú yẹn ò tún ní mọ̀ pé Bahíyà kú.