Omi Tí A Kò Mu ní Ìjẹ̀dẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé kò sí ohun tó kù tí mo fẹ́ kọ́ nínú iṣẹ́ títẹ òǹtẹ̀ sórí kọnkéré. Ọ̀gá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn ní Ẹ̀pẹ́, ó sì fi àgbàlá ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀dẹ̀ lé èmi àti ẹnìkejì mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ìyá àgbà náà tó wà lókè òkun ló ní ká ṣe ilẹ̀ yí kànga ká lọ́ṣọ̀ọ́. Etí kànga náà kò ga rárá, omi rẹ̀ sì ni gbogbo ilé ń mu.

Páúdà là ń wọ́n sórí kọnkéré tútù kí rọ́bà òǹtẹ̀ tí a fi ń tẹ àwòrán òkúta sí i má baà lẹ̀ mọ́ ọn. A ò tíì ṣe é dé ìdajì tí páúdà fi tán, nítorí mo ti ń dà á bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Kọnkéré sì ti ń le, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ní ká gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, irú èyí tí àwọn káfíńtà fi ń pa pákó lára kí kọnkéré má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹnìkejì mi wo kànga. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká pe ọ̀gá o. Wọ́n ń mu omi yìí."

"Pe ta ni? Ṣé èmi ò mọṣẹ́ ni?"

Mo da ọ́ìlì náà sí i, òǹtẹ̀ sì yọ rekete. Mo ń súfèé.

Ọjọ́ kejì, bí a ṣe dé láti fọ ilẹ̀ náà ni òjò bẹ̀rẹ̀. Mo rí ọ́ìlì tó léfòó lórí àgbàrá, tó ń dán, tó sì ń ṣàn wọ inú kànga. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí òjò dá, ìyá fa omi, ó bu ife kan fún wa.

"Ẹ mu omi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́."

Kíá ni mo ní ààwẹ̀ là ń gbà.

"Ọlọ́run á gbà á o," ni ìyá wí, ó sì gbé ife náà mu tán.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ni ṣe. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ìyá àgbà náà pè mí láti òkè òkun. Ó ní ilẹ̀ náà ṣì ń dán, ṣé n óò wá ṣe ẹ̀yìn ilé? Ó ní inú ń run màmá láti ọjọ́ yìí, dókítà ò sì rí ìdí rẹ̀. Èmi náà ti di ọ̀gá báyìí, páúdà kún ilé mi. N kò mọ̀ bóyá omi kànga náà ló fà á. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi, wọn á dé kànga náà pa. Mo ní màá pè é padà. N kò tíì pè é.