Awọ Àgbò Bàbá Mi

Èmi ni mo ba awọ àgbò bàbá mi jẹ́. Ẹ má bá mi wá àwíjàre. Àgbò iléyá tí ìyá mi rà kẹ́yìn kí wọ́n tó kú ló ni awọ náà. Ìyá mi fúnra wọn ni wọ́n fá a, tí wọ́n sá a sóòrùn, orí rẹ̀ sì ni bàbá mi ti ń kírun láti ìgbà náà. Nígbà tí bàbá wá ń bá mi gbé ní Lewisville lókè òkun, mo ní awọ ń rùn. Mo jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo tún sọ ọ́ sínú èyí tó ń gbẹ aṣọ. Ó gan bíi pákó. Bàbá mi ò bú mi. Wọ́n kàn tẹ́ táwẹ̀lì sílẹ̀, wọ́n kírun. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń pè mí kí a jọ kí i. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò pè mí mọ́, ó sì dùn mí ju èébú lọ.

Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ mi ní ilé ìwòsàn, ọmọ Inúìtì ni, láti ilẹ̀ yìnyín lápá àríwá. Ẹ̀wù tí ìyá àgbà rẹ̀ fi awọ kàríbù rán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹran bí àgbọ̀nrín ni kàríbù. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ṣé o ti fi awọ náà sùn?"

Nílé wọn, bí awọ bá gbẹ, ẹnì kan á fi sára sùn kí ooru ara wọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi irin fá a, tí wọ́n á rin ín lómi, tí wọ́n á máa fà á títí á fi rọ̀. Mo bi í bóyá hítà tó ń mú ilé gbóná ò lè ṣe é. Ó ní, "Ṣebí ooru ẹ̀rọ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?"

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, ọ̀sán ni mo fi ń sùn. Ọ̀sán mẹ́ta gbáko ni mo fi awọ àgbò lé àyà, tí ara ń yún mi. Bàbá mi yọjú wò mí, wọ́n ní, "Bí ìwo bá ti ń yọ lórí rẹ, kó o sọ fún mi o."

Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin náà mú irin ìfáwọ ìyá àgbà rẹ̀ wá. Bó ṣe ń fá a ni bàbá mi ń sọ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ júwe, bí ìyá mi ti ń ṣe tiwọn. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ìyá mi.

Awọ náà rọ̀, àfi igun kan lápá ọ̀tún tó kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ìrun Àsárì tó, bàbá mi tẹ́ ẹ, wọ́n sún sápá òsì.

"Bọ́ síbí," wọ́n ní. "Ibi tó le yẹn, ìwọ lo ni ín."

Mo kúnlẹ̀ lé e. Ó ń gún mi lórúnkún, mi ò sì sún kúrò.