Owó Okùn Tí Mo Pa Rẹ́

Gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ìlaròó máa ń rùn: ìgbẹ́ àdán lókè àjà, èéfín jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, òórùn yẹn ṣì ń rí mi lára títí dòní, bẹ́ẹ̀ àdán kọ́ ló ṣẹ̀ mí. Ìgbà tí ìjọba ti bọ́dà pa ni. Èmi ni mo ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́wó ná, pẹ̀lú ìwé onílà inú kọ̀ǹpútà: o kọ iye tó wọlé, o kọ iye tó jáde, òun fúnra ẹ̀ á sọ iye tó kù. "Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún un o," ni mo máa ń sọ fún wọn. Ẹnu mi dùn, àbí?

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá ẹ̀ máa ń ra gàrí ní Ìgbógìlà wá tà ní Ìlaròó. Gàrí oko wa ni o, kì í ṣe ìrẹsì òkè òkun. Síbẹ̀, gbogbo ojú ọ̀nà ni àwọn aṣọ́bodè ta okùn dí, wọn kì í sì í sọ ọ́ kalẹ̀ àfi bí dírẹ́bà bá ká owó pọ̀ tó rọra fi bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ ló ń dá a. Ọmọ yìí wá ya ilà kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé ẹ̀: Owó Okùn. Okùn mẹ́sàn-án, ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ èrè tán, ó tún ń jẹ ojú owó. Alága ìjọba ìbílẹ̀ tó ra kọ̀ǹpútà fún wa sì ti ṣèlérí pé ọmọ tí ìwé ẹ̀ bá fi hàn pé agbára ilé wọn ò gbé e, òun á san owó ìdánwò àṣejáde ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí alága ń bọ̀, pásítọ̀ wa sáré wọlé. Ọ̀gá kan lára àwọn tó ń ta okùn ló ń bá alága bọ̀, àlejò pàtàkì. Pásítọ̀ nàka sí ilà Owó Okùn yẹn. "Ẹ yọ ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ dójú ti àlejò ni?"

Mo yọ ọ́. Ṣíọ̀! Ìka kan péré ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀, àdánù di èrè. Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìwé ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i! Ọjà ń lọ dáadáa." Alága ní kò sí ìṣòro nílé ti eléyìí, ó kọ orúkọ ọmọ mìíràn sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn," ọmọbìnrin náà wí, ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń tọrọ omi lọ. Mo wo pásítọ̀, mo wo kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́fà yẹn, mo ní kó lọ jókòó.

Kò ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Gàrí ló ń bá ìyá ẹ̀ gbé. Àwọn tó wà ní kíláàsì yẹn ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tí a bá pàdé, màá sì yára bá ọ̀nà mi lọ. Ó pẹ́ tí mo fi ń bú àwọn olókùn kiri, tí mò ń pè wọ́n ní olè, kí ojú tó wá tì mí. Owó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá. Èmi ni mo gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ.