Ọdún Tí Kọ́bọ̀ Mi Ra Iyọ̀ Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Odò-Ọwá, kò sí ọmọ kan nílé wa tí kì í pa ekùrọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí. Bí a bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí a jẹ ẹ̀bà tán, a ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a ó máa fi òkúta fọ́ ọ, a ó sì máa fi òkúta kan náà gbá àtàǹpàkò ara wa. Obìnrin kan láti Ìlọ́fà ló ń rà á ní agolo-agolo. Kọ́bọ̀ ló ń san, inú kóló onípákó mi sì ni kọ́bọ̀ náà ń lọ.

N kò gbọ́n bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Bàbá dúdú ni mo fi owó ekùrọ́ mi àkọ́kọ́ rà. Mo jẹ ẹ́ títí eyín mi fi lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Màámi béèrè pé owó dà, n kò lè la ẹnu. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè, wọ́n sì ń ro ọbẹ̀ wọn lọ. "Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó se gbogbo iṣu rẹ̀ jẹ, kí ló fẹ́ gbìn bí òjò bá dé?" Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kí káfíńtà kan kóló fún mi.

Bàtà pupa kan tí mo rí lọ́jà Òsí ni mo ń tọ́jú owó fún. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ yan lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé. Àfi bí rédíò bàbá mi ṣe sọ pé ìjọba yóò pààrọ̀ àwọ̀ owó bébà, àti pé bí àsìkò tí wọ́n dá bá kọjá, ti àtijọ́ di ìwé lásán.

Bàbá mi, tí í ṣe tíṣà, kó ìwọ̀nba owó tó wà nílé lọ sí báńkì ní Ọ̀mù-Àrán. Èrò pọ̀ bí eéṣú. Báńkì gba owó àtijọ́, ó ní kí wọ́n padà wá gba tuntun. Òjò ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ di ọ̀wọ́n. Lọ́jà, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan bébà àtijọ́ mọ́. Iṣu wà lóko, gàrí wà nínú àpò, ṣùgbọ́n iyọ̀ tán, kẹrosíìnì tán, ìyá bàbá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa kò sì rí oògùn ikọ́ lò. Kọ́bọ̀ nìkan ni wọn ò pààrọ̀.

Màámi kò kàn gbé kóló mi. Wọ́n pè mí sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n jókòó sórí àpótí kí ojú wa lè dọ́gba.

"Àbẹ̀kẹ́, mo wá yáwó lọ́wọ́ rẹ ni."

N kò rí àgbàlagbà tó bẹ ọmọdé bẹ́ẹ̀ rí. "Bàtà mi ńkọ́, Màámi?"

"Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí o tó ra bàtà. Ṣùgbọ́n n ó san án."

Mo sunkún. Mo lọ ki kóló bọ abẹ́ aṣọ nínú apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń wúkọ́ nínú yàrá, ikọ́ gbígbẹ tí kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ parí. Mo gbé e jáde padà, èmi fúnra mi ni mo là á.

Kọ́bọ̀ yẹn ló ra iyọ̀, kẹrosíìnì àti oògùn. Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa, náà wá yá díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi yan lọ́jọ́ àwọn ọmọdé, mo sì yan dáadáa ju àwọn tí bàtà tuntun ń ta lẹ́sẹ̀ lọ!

Nígbà tí owó tuntun dé, Màámi bi mí pé, "Bàtà ni àbí abo ewúrẹ́? Ewúrẹ́ kò ní àwọ̀ tí ìjọba máa pààrọ̀ o." Mo ronú títí ilẹ̀ fi ṣú, mo mú ewúrẹ́. Ó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ rẹ̀ la tà tí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Lónìí, Ìlọrin ni mò ń gbé, inú fóònù sì ni owó mi wà. N kò ní parọ́, ó rọrùn. Ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, àwọn ọmọ mi náà sì ń tọ́jú owó, mo dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo bi ọmọbìnrin mi léèrè iye tó ti kó jọ. Ó gbé fóònù mọ́ àyà. "Mọ́mì, àṣírí nìyẹn o!" Mo rẹ́rìn-ín. Láyé tiwa, gbogbo ilé ló mọ ohun tí mo ní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ ẹni tí wọ́n lè wá bẹ̀.