Ẹsẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Páìpù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí kò jẹ́ kí n bá ọjọ́ náà lọ. Òun ló ń ṣọ́ wa, àní nígbà tí a bá kọ etí dídi sí ìpè rẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ dúpẹ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnì kankan kò sọ ọ́ fún mi. Ojú mi méjèèjì ló rí i.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń ṣe ní Bẹẹrẹ. Àwọn píkọ́ọ̀pù ayé òde òní tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń darí wọn, àwọn ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe jù. Ilé kéwú ni wọ́n ti tọ́ mi. N kì í mu ọtí, n kì í sì í fi ọ̀rọ̀ òkú ṣeré.

Ọ̀rẹ́ mi Ràṣídì ń wa píkọ́ọ̀pù funfun kan fún ọ̀gá rẹ̀ tó ń ta omi inú ìgò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó rọra wà á wá bá mi bí ẹni fa màlúù tó ń ṣàìsàn. Mọ́tò náà kò lè sáré mọ́. Iná kan ti ń tàn níwájú awakọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ pé bí kò bá dá ṣáṣá kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí Ràṣídì mú kọ́kọ́rọ́ wá, kó máa lọ ilé.

"Ọ̀rẹ́, ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun lára kọ́kọ́rọ́ yìí," ó ní. "Tí o bá jẹ́ kí n dá a padà, ilé ẹ ni gbogbo wa ń kó bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Asẹ́ kan wà nínú páìpù èéfín irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gba dúdú èéfín dúró kó má baà jáde síta. Bí mọ́tò bá ń sáré lójú ọ̀nà tó gùn, páìpù á gbóná, asẹ́ á sì jó ìdọ̀tí inú ara rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ibo ni Ràṣídì fẹ́ sáré sí? Ọjà'ba sí Mapo, Mapo sí Bẹẹrẹ, Bẹẹrẹ sí Pópó Yemọja. Ìrìn ìgbín ni. Asẹ́ náà ti dí pátápátá.

Ẹlòmíràn nínú àwa mẹkáníìkì, ayùn ló máa mú. Á la páìpù, á gbẹ́ inú asẹ́ sọnù, á jó páìpù pọ̀ padà. Ọ̀gá Ràṣídì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ló kù, pé kí n fi kọ̀ǹpútà pàṣẹ fún mọ́tò náà kó jó asẹ́ rẹ̀ mọ́ níbi tó dúró sí. Ẹ́ńjìnnì á máa ké fúnra rẹ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, páìpù á gbóná débi tí igi lè gbiná lára rẹ̀. A kì í sì í pa á láàárín, torí asẹ́ lè sán.

N kò lè ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi, pákó àti ọ̀rá ló yí mi ká. Agbo ilé kan wà lọ́nà Oníyanrìn tí iwájú rẹ̀ tẹ́jú. Pèpéle símẹ́ńtì kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń sá láfún sí. Mo bẹ Ìyá Mùlíkà, àgbà obìnrin ilé náà, pé kí wọ́n jẹ́ kí n lo iwájú ilé. Wọ́n ní kò burú, mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ. Mo béèrè bóyá kí n kó láfún wọn kúrò kí èéfín má baà bà á jẹ́, wọ́n ní kí n kó o. Láfún nìkan ni mo béèrè.

Ìpè ti ń dún. Ràṣídì ní kí a lọ kírun ná. Mo ní kó máa lọ, pé Ọlọ́hun rí i pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mò ń tọrọ àforíjìn ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní.

Agbo ilé ṣófo. Oòrùn wà ní àtàrí. Mo gbé mọ́tò dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ sí pèpéle, mo fi kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi pàṣẹ. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó gbọ́ ikọ́. Ikọ́ àgbàlagbà ni, tó ń ti ìsàlẹ̀ àyà wá. Ẹ gbà mí gbọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn kò jẹ́ kí n gbọ́ fóònù mi tó ń dún nínú àpò, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ikọ́ náà bí ẹni pé ẹ̀bá etí mi ló wà.

Bàbá kan jókòó sórí pèpéle náà, lẹ́yìn mọ́tò gan-an. Aṣọ wọn funfun, tówẹ́lì aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn wọn. Mo rò pé àìlera ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ kírun. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

"Ọmọ mi, gbé e kúrò," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹsẹ̀ mi ń jó."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, pé bí mo bá pa á báyìí, iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi bọ́ nìyẹn.

Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. "Ibo ni kí n sún sí?"

Kọ̀ǹpútà dún lọ́wọ́ mi, mo wolẹ̀ wò ó. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹnu páìpù dojú kọ ibi tí wọ́n jókòó sí. Kò sí ẹni tó lè jókòó sínú ooru yẹn. Mo fọwọ́ kan símẹ́ńtì náà. Ó tutù bí ara ìkòkò omi.

N kò sì pa á. Ràṣídì àti ọmọ mẹ́rin ni mò ń rò. Mo wọ inú mọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń ka Áyátùl Kúrísíyyù títí ẹ́ńjìnnì fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ikọ́ náà kò dá fún gbogbo ìgbà yẹn.

Nígbà tí Ìyá Mùlíkà dé, mo rọra sọ ohun tí mo rí fún wọn. Ibi tówẹ́lì ni mo sọ dé tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní bàbá tó bí wọn ni. Ikọ́ ló pa wọ́n. Nígbà ayé wọn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná igi níwájú ilé. Abẹ́ pèpéle yẹn ni wọ́n sin wọ́n sí, ìyá sì nawọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ wà. Abẹ́ páìpù gan-an.

"Ẹ ò sọ fún mi, ìyá."

"Ṣé o béèrè ni? Láfún lo béèrè."

Iná tó ń tàn nínú mọ́tò kú. Mọ́tò ń sáré bí tuntun, Ràṣídì sì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Ó ní oòrùn ọ̀sán ló tan ojú mi jẹ.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bí ìpè ṣe dún, mọ́tò náà kú sórí òkè Mapo. Ní Jímọ̀ kejì, ó kú ní Ọjà'ba. Mo tú asẹ́ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ohun tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe dúdú èéfín ni mo bá níbẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni, ó tutù, ó ń rùn bí kòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

A mú Lèmọ́mù lọ ṣàdúà lórí sàréè náà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ bàbá. Ní Jímọ̀ kẹta, ó tún kú.

Ràṣídì fúnra rẹ̀ ló lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ní òun náà ti gbọ́ ikọ́ náà, láti ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹrù ló ń gbé ní Ọjà'ba báyìí. Ọ̀gá rẹ̀ ti ta mọ́tò náà, n kò mọ ẹni tó rà á.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra píkọ́ọ̀pù àlòkù, bí ẹ bá rí funfun kan tó ń kú ní ọ̀sán Jímọ̀, ẹ má ṣe tú asẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì wọ agbo ilé àtijọ́, ẹ béèrè ẹni tó sùn síbẹ̀ kí ẹ tó gúnlẹ̀. Bí ìpè bá dún, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ dúró.

Ìwọ tó kà á dé ibí, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí o tẹ ibi tí kò yẹ kí o tẹ̀. Kó bo àṣírí oúnjẹ ilé rẹ, kó sì mú ẹsẹ̀ rẹ délé láyọ̀. Àmín.