Ẹ̀rọ Ayanja Tó Gba Abẹ́ Igi Lọ́wọ́ Mi

Àwọn ọmọ mi pinnu pé ooru Kánò yóò pa mí. Orí fóònù ni wọ́n ti pinnu rẹ̀, wọn kò sì pè mí sí ìpàdé náà, bí ẹni pé ìlú tí wọ́n bí mi sí, tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nígbà tí irun orí mi funfun tán. Ọmọbìnrin mi, tí ń gbé ní Ìbàdàn, ti kun yàrá kan dè mí. Ó ní afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ó ní òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé òjò máa ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Jọ́gíráfì ni mo fi jẹun.

Àkọ́bí mi ọkùnrin, tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, fẹ́ràn mi ní ọ̀nà tirẹ̀, èyí tí í ṣe pé ó máa ń fi ẹrù ránṣẹ́. Ó gbọ́ pé mo ṣì ń bẹ̀rẹ̀ nídìí àgbá tí a fi ń yan ẹja, nítorí pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sábó, àdúgbò àwa ará Gúúsù ní Kánò, ẹja tí a ń jẹ ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde kì í ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Nítorí náà ni ó ṣe fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́, dúdú kirikiri, tó ga tó ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ìdérí rẹ̀ sì jọ ti pósí. Igi ni ẹ̀rọ náà ń jó, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi bí a ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti lọ igi náà kúnná, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di hóró kéékèèké, bí oúnjẹ adìyẹ tí wọ́n ń tà ní ọjà Yankaba. A ó da hóró náà sínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó tẹ ìwọ̀n ooru tí a fẹ́ sójú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa bu hóró sínú iná díẹ̀díẹ̀, fáànù kékeré kan yóò sì máa fẹ́ ẹ.

“Màmá, ẹ kò ní ṣe ohunkóhun,” ni ọmọ mi wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kéde ìròyìn ayọ̀.

Ọmọbìnrin mi rí ọ̀nà gbà wọlé. Ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe Àjíǹde lọ́dọ̀ mi. Bí òun bá dé, tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, tí èmi sì jókòó jẹ́jẹ́ síbi tó tutù, òun kò tún ní dárúkọ Ìbàdàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí òun bá bá mi nínú oòrùn nídìí iná, mo ń tẹ̀ lé òun lọ nìyẹn. Mo gbà. Ẹni tó ti ṣe olórí ilé-ìwé kì í sá fún ìdánwò.

Àárín àgbàlá ni mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà sí, nítòsí wáyà tó ń bọ̀ láti ara páńẹ́lì oòrùn orí òrùlé, nítorí pé àlejò ni iná ìjọba ní Sábó, kì í ṣe ará ilé. N kò tí ì tan iná rárá tí ojú ẹ̀rọ fi ń kọ àádọ́jọ. Obìnrin tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, yọjú wọlé.

“Yéè! Màmá, ẹ sá sẹ́yìn! Ọgọ́rùn-ún lomi fi ń hó!”

Mo ní kó fara balẹ̀. Fáréǹháìtì ni Amẹ́ríkà ń lò. Fáréǹháìtì náà ni àwọn míṣọ́nnárì fi kọ́ wa, kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó máa sọ pé ohun tí a kọ́ ti di àlòpatì. Lórí ìdúró, láìlo ìwé, mo yọ méjìlélọ́gbọ̀n kúrò, mo fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, mo sì fi mẹ́sàn-án pín in.

“Márùndínláàádọ́rin ó lé díẹ̀ ni lọ́nà tìrẹ,” ni mo wí.

“Oòrùn nìkan ló ṣe é?”

“Oòrùn nìkan.”

“A jẹ́ pé ẹ lè dá hóró igi yẹn padà fún adìyẹ.”

Mo tẹ igba sójú ẹ̀rọ, nítorí pé ẹja kò fẹ́ ìkánjú, mo sì to ẹja ìdánwò sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò gbọ́n tó bí wọ́n ṣe polówó rẹ̀. Oòrùn ti bá a mú ìdérí rẹ̀ gbóná, nítorí náà ó rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò bu hóró sínú iná mọ́, iná sì ń kú lọ, ó wá ń rú èéfín funfun tó ń ta ojú. Mo ṣí ìdérí láti wo ohun tó dé. Ooru inú rẹ̀ jáde. Ìpayà mú ẹ̀rọ, ó da hóró rẹpẹtẹ sínú iná lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà sì fò kọjá ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀yìn ẹja di èédú. Ikùn rẹ̀ ṣì ń wò mí tútù.

“Ẹ má ṣí i mọ́, Màmá,” ni ọmọ mi wí lórí fóònù. “Ẹ sì gbé e sí abẹ́ òjìji. Oòrùn ló ń tàn án jẹ.”

Oòrùn orí òrùlé ló ń bọ́ ọ. Oòrùn àgbàlá ló ń tàn án jẹ. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí nínú kíláàsì.

Igi dóńgóyárò tí bàbá mi gbìn nígbà tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè nìkan ló ní òjìji nínú àgbàlá wa. Wọ́n ti gé ẹ̀ka apá kejì rẹ̀ nítorí wáyà iná, nítorí náà ààyè ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí oòrùn ọ̀sán kì í dé. Àga mi ló wà níbẹ̀. Mo gbé àga kúrò. Bátìrì tó ń gba iná páńẹ́lì pamọ́ kò sì lè gbé ẹ̀rọ náà àti fáànù yàrá mi pọ̀. Mo pa fáànù. Báyìí ni mo ṣe ń múra láti fi hàn pé n kì í ṣe aláìlera nínú ooru.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, mo tan iná kí oòrùn tó là. Mo gbé ìwọ̀n ooru sókè díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ẹ̀rọ má baà tún rò pé iṣẹ́ ti tán. Ìdérí rẹ̀ wà ní pípadé. Títí tí oòrùn fi mú, nọ́ńbà náà dúró ṣinṣin bí akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà, èéfín rẹ̀ sì fúyẹ́, ó ń ta sánsán. Lẹ́yìn náà ni oòrùn yí, ó gba àárín ewé kọjá, ó sì bọ́ sórí ìdérí dúdú náà. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gùnkè. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù bá mi fi ẹní koríko, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní zana, dí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Kò tó. Mo wọlé lọ mú agbòòrùn tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì nà án sórí ẹ̀rọ.

“Sannu da rana, Màmá!” Oníṣọ́ọ̀bù kí mi bí àwọn Hausa ṣe ń kíni lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá mú. “Ó ti gba àga, ó ti gba fáànù, ó ti gba agbòòrùn. Ó ku kó bá yín gba owó ìfẹ̀yìntì.”

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, tí òógùn ń ro láti àgbọ̀n mi, nígbà tí ọmọbìnrin mi ti ilẹ̀kùn àgbàlá wọlé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ igi. Ó wo èmi tí mo wà nínú oòrùn.

“Màmá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni àgbàlagbà?”

“Káàbọ̀,” ni mo wí. “Má ṣí ìdérí.”

“Mo bá yín nínú oòrùn, Màmá. Àdéhùn ni àdéhùn.”

“Àdéhùn wa ni kí o bá mi nínú oòrùn nídìí iná. Iná wà nínú ẹ̀rọ. Èmi ò sí nínú ẹ̀rọ.”

Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kọ ojú fóònù sí wa. “Bọ̀dá, ẹ wá wo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́!”

Àkọ́bí mi wò wá pẹ́. Ẹ̀rọ tó fi owó rà ni ó kọ́kọ́ ṣàánú, bí ó ti yẹ kí ọmọ tó fi ẹrù ránṣẹ́ ṣe. “Kánò ti gbóná jù fún un,” ni ó wí. “Ìwọ gbé e lọ sí Ìbàdàn, ṣebí afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀?”

Mo wí pé òtítọ́ ni: ohun tí ara rẹ̀ kò bá gba Kánò ni kí a kó lọ síbi tó tutù. Oníṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àga mi. Ọmọbìnrin mi gba agbòòrùn lọ́wọ́ mi, ó sì dì í mú títí ẹja fi pọ́n.

Ẹja náà dára. Ní Ọjọ́ Ajé, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì jẹ ẹ́ tan, wọ́n sì lá ọwọ́. Orí fọ́ mi fún ọjọ́ méjì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sí ẹni tó bi mí. A gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn, mo sì gbé àga mi padà sábẹ́ igi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin mi pè, ohùn rẹ̀ kò sì dùn. Òjò Ìbàdàn ti rin hóró igi, gbogbo rẹ̀ ti wú, ẹ̀rọ kò lè bu ú mọ́. Mo ní kó gbé e wọ inú yàrá tó kùn dè mí.

“Yàrá yín, Màmá?”

“Òun náà,” ni mo wí. “Ṣebí afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀.”